Ẹrù Nọ́ọ̀sì ní Pálọ̀ Dírẹ́bà

Bí ìfẹ́ ṣe ń wọlé tọ oníkálukú yàtọ̀ síra. Ti Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù ló gbà wọlé, láàárín fíríìjì àti fóòmù tí wọ́n ká bí ẹní. Obìnrin náà ò sì wá ọkọ lọ́jọ́ náà rárá. Ilé ló ń wá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń bá báńkì kan fà á lórí owó tó fẹ́ yá láti fi ra ilé kékeré kan: yàrá méjì, pálọ̀ kan, ilé ìdáná tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ dúró nínú ilé ìdáná yẹn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa ògiri. Láti kékeré tó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń gbé ilé onílé. Lánlọ́ọ̀dù kan á ní kó má fọṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òmíràn á ní àlejò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé e kúrò nínú rẹ̀ ló ń fẹ́ láyé rẹ̀.

Akọ̀wé báńkì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tó ṣèèyàn, ti kìlọ̀ fún un dáadáa. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má pààrọ̀ iṣẹ́, ẹ má yáwó níbòmíràn, ẹ má sì kúrò níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé láìsọ fún wa. A máa rán èèyàn wá wò yín nílé kí owó tó jáde."

Nọ́ọ̀sì ní kò séwu. Ewu sì wà, àṣé ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, yàrá Nọ́ọ̀sì ni tọkọtaya náà máa kó sí.

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Owó ilé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde."

"Ọmọ mi, ìyàwó kì í dúró de báńkì," ni lánlọ́ọ̀dù wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Kò síbòmíràn tó lè sá sí ju ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ sọ fún akọ̀wé báńkì, ìyẹn mí kanlẹ̀, ó kọ ibùgbé tuntun sílẹ̀. "Ẹ má tún kúrò níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá tún kó lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí, ẹni tó ń ta ilé ò sì ní dúró dè yín."

Àǹtí Aránṣọ, àbúrò ìyá rẹ̀, ló bá a wá ọkọ̀. Ó ní, "Dírẹ́bà kan wà tó máa ń bá mi kó aṣọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í sọ ẹrù nù."

Dírẹ́bà dé ní àárọ̀ pẹ̀lú àwọn aláàárù méjì. Dípò kó gbé nǹkan, ṣe ló kọ́kọ́ fọwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo ẹrù yíká yàrá.

"Mà, kí lẹ máa kọ́kọ́ wá tẹ́ ẹ bá débẹ̀?"

"Báwo?"

"Tó bá dìrọ̀lẹ́, tó ti rẹ̀ yín, tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó. Kí lẹ máa wá?"

Nọ́ọ̀sì ronú. "Kẹ́tùlù mi. Àti sálúbàtà tí mo fi ń wọlé."

"A máa kó wọn kẹ́yìn nìyẹn, kí wọ́n lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Nọ́ọ̀sì lára. Òun tó jẹ́ pé òun ló máa ń bi gbogbo ayé pé níbo ló ń dùn wọ́n, kò rántí ìgbà tẹ́nì kan bi òun ní ohun tí òun máa fẹ́ nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé ìyá rẹ̀ ò gbẹrù. Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ mú òpó. "Ibo lo fẹ́ kó gbogbo eléyìí sí? Ṣé orí mi ni?" Lóòótọ́, àga Màmá, tábìlì Màmá, àti ẹrù bàbá tó ti kú ti kún ibẹ̀ bámú. Bẹ́ẹ̀dì kan àti báàgì kan ni yàrá ẹ̀yìn gbà. Àga onítìmùtìmù mẹ́rin, fíríìjì, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àti òkìtì páálí kù sínú ọkọ̀.

Dírẹ́bà họrí. "Pálọ̀ mi ṣófo, mà. Ẹní àti rédíò nìkan ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi títí ilé yín á fi jáde."

Nọ́ọ̀sì wo Àǹtí. Ta ní ń gbé ẹrù ayé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

"Gbé e fún un," ni Àǹtí wí. "Èmi ni mo dúró fún un."

Sátidé àkọ́kọ́, asẹ́ ni Nọ́ọ̀sì wá mú. Ó rí i pé Dírẹ́bà ti to àwọn páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi aṣọ funfun bo àwọn àga, ó wá tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni pé òun ni ayálégbé, tí àwọn àga yẹn jẹ́ onílé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ṣebí àga mẹ́rin ló wà níbí."

"Ẹrù oníbàárà ni, mà."

"Àga ò ní torí pé ẹ jókòó lé e kó tán."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì jókòó.

Sátidé kejì, áyọ́ọ̀nù ló wá mú. Ìkẹta, búláńkẹ́ẹ̀tì. Àǹtí ní, "Nínú ooru yìí?" Nọ́ọ̀sì díbọ́n pé òun ò gbọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé, Dírẹ́bà á ti gbé omi tíì kaná. Nọ́ọ̀sì á sọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan ní wọ́ọ̀dù tó máa ń pè é ní ìyàwó, tó sì máa ń bínú tó bá fún un lábẹ́rẹ́. Dírẹ́bà á sọ ti àwọn tó ń kó ẹrù wọn: ẹni tó sunkún nítorí ilẹ̀kùn ilé tó ń fi sílẹ̀, tọkọtaya tó pín ìkòkò lójú rẹ̀, tí wọ́n pín in títí tó fi ku ọmọrí kan, tí wọ́n wá jọ wo ọmọrí náà, tí wọ́n ní kó dá gbogbo ẹrù padà sínú ilé.

"Irọ́ ni," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo dá a padà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé fìlà mi sọ́dọ̀ wọn."

Ìgbà tó yá, Sátidé kan dé tí Nọ́ọ̀sì wọlé, tó kàn dúró láàárín pálọ̀.

"Kí lẹ wá mú lónìí?" ni Dírẹ́bà béèrè.

Nọ́ọ̀sì wo òkìtì páálí. Láti àná ló ti ń ronú, kò rí ohun kan tó tún fẹ́ mú. "Mi ò mọ̀," ló wí, ojú sì tì í bí ọmọdé. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí àga kan. "Ẹ jókòó. Èmi tí mo lẹ́rù ló ní kẹ́ ẹ jókòó."

Ọkùnrin náà mi orí. "Ọjọ́ tí mo bá jókòó síbẹ̀, mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ wá kó o mọ́. Ẹrù máa lọ, mo mọ̀, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín báyìí, ṣe ni mo máa ń gbàdúrà kí báńkì má tíì dáhùn. Ẹ má bínú. Ó burú, mo mọ̀ pé ó burú."

"Ẹ̀ ń gbàdúrà lòdì sí ilé mi?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo máa ń tọrọ lẹ́ẹ̀kan."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Má pè mí ní mà mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Asẹ́ kọ́ ni mo wá mú láti ọjọ́ yìí."

Ní ilé, Màmá àti Nọ́ọ̀sì ń gbé bí ìgbà tí adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Màmá á ráhùn lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ráhùn lórí iná tí wọn ò pa. Ṣùgbọ́n tí Nọ́ọ̀sì bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ojú fèrèsé ni ìyá náà máa ń wà, á sì yára kúrò níbẹ̀ tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Àǹtí Aránṣọ ló gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Màmá.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan ń fẹ́ ọmọ yín."

Ojú Màmá tàn. "Dókítà wo ni?"

"Dírẹ́bà ni."

"Èyí tó kó ẹrù wá síbí?"

"Òun gan-an."

"Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kọ́ tèmi títí ó fi di nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ru bẹ́ẹ̀dì kiri ló wá fẹ́ gbé e?"

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ná. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ní àwọn máa rán ẹnì kan wá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ náà jẹ́jẹ́, kí àwọn àgbà tó wá fúnra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn dáadáa."

"Alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n! Jẹ́ kó wá. Màá dá a lóhùn."

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ. "Màmá, kí ni ọkùnrin náà ṣe tí ò dáa?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ mi. Kò tíì ṣe nǹkan kan láyé."

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Nọ́ọ̀sì wà níbi iṣẹ́, ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká kan ilẹ̀kùn. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Wọ́n ní kí n wá béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọmọ yín, Nọ́ọ̀sì."

"Ta ló rán ẹ?"

"Wọn ò ní kí n sọ, mà. Àfi fún òun fúnra rẹ̀."

Báńkì ló rán an. Òfin wọn ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ìyá tó bí onítọ̀hún. Màmá mọ̀ pé ọmọ òun ń yáwó o, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí pé báńkì máa ń fẹsẹ̀ rìn wá kan ilẹ̀kùn èèyàn. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, ẹbí dírẹ́bà ti dé. Ó fún ọkùnrin náà ní àga, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ṣé ibí ni Nọ́ọ̀sì ń gbé?"

"Níbí kẹ̀? Ó kàn yà ni. Báàgì kan péré ló gbé wá, òun lò ń wò níbẹ̀ yẹn."

"Ṣé ó ní lọ́kàn láti dúró sí ìlú yìí?"

"Òkè òkun ló ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é níbẹ̀."

"Ọkọ?"

"Dókítà ni."

"Iṣẹ́ tó ń ṣe níbí ńkọ́?"

"Ó máa fi í sílẹ̀ láìpẹ́."

"Ṣé ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?"

Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. "Gbèsè? Ọmọ tèmi? Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan!"

Ibi kan ṣoṣo tó ti sọ òótọ́ nìyẹn. Ọkùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Màmá kọrin wọ ilé ìdáná.

Ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Akọ̀wé báńkì ni. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ lọ́kọ tó jẹ́ dókítà ní òkè òkun, ẹ ò sì sọ pé ẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ti dá ọ̀rọ̀ yín dúró."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òṣìṣẹ́ wa tá a rán jáde ló gbọ́ ọ, mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù."

Nọ́ọ̀sì pa fóònù. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń tẹ́ lọ́wọ́. Ta ló mọ̀ nípa owó yìí? Ta ni kò fẹ́ kó jáde? Ọ̀rọ̀ tí Dírẹ́bà fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí rẹ̀: mo máa ń gbàdúrà kí báńkì má tíì dáhùn. Ó lé èrò náà lọ, ó tún padà. Bó ṣe jáde níbi iṣẹ́, ilé Dírẹ́bà ló kọrí sí.

"Ìwọ ni? O rán èèyàn lọ bá wọn?"

Dírẹ́bà ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ fà ro. "Mo gbàdúrà. Mi ò parọ́ mọ́ ẹ."

"Ta ló tún kù?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá lè rò ó sí mi, kò yẹ kí ẹrù ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Sọ ibi tó o fẹ́ kí n gbé e lọ."

Nọ́ọ̀sì ò mọ ibi tó fẹ́ kó gbé e lọ. Ó sunkún délé. Màmá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ilé ti bọ́, Màmá. Báńkì rán èèyàn jáde, ẹnì kan sì sọ fún un pé mo lọ́kọ kan ní òkè òkun, pé dókítà ni."

Màmá wá ibi jókòó. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. "Báńkì máa ń wá sílé?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ kéré. "Ọkùnrin kan tó gbé báàgì? Èmi ni. Mo rò pé àwọn ẹbí dírẹ́bà yẹn ló rán an wá."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti lọ, inú ilé yìí dákẹ́ jù. O wá dé, mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ara mi ń balẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan tún gbé ẹ lọ."

"Ilé tí mo fẹ́ rà ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò ní gbé mi lọ?"

"Ilé máa ń dúró sójú kan. Mo mọ̀ pé tó o bá wà níbẹ̀, wàá ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ lẹ́rù ẹ̀ ń bà mí."

Nọ́ọ̀sì bínú, inú rẹ̀ sì tún yọ́, kò mọ èyí tó máa gbà ṣáájú. "Màmá, mo ti lọ fẹ̀sùn kan ọkùnrin náà. Mo ní òun ni." Ìyá fà á mọ́ra. Àwọn méjèèjì jọ sunkún, wọn ò tan iná.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Aránṣọ, tó ní kó sin òun lọ sí báńkì. Akọ̀wé báńkì gbọ́rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rẹ́rìn-ín.

"Mà, ta lẹ rò pé òṣìṣẹ́ wa yẹn jẹ́?"

"Mo rò pé àwọn èèyàn ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ló rán an."

"Kí ni ọkùnrin náà ṣe tẹ́ ẹ fi lé e?"

Màmá lanu. Ó wá ẹ̀ṣẹ̀ Dírẹ́bà títí nínú orí rẹ̀, òun tó ti fi ogójì ọdún wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọmọléèwé, kò rí ọ̀kan. Àǹtí Aránṣọ wo òrùlé.

"Òṣìṣẹ́ wa máa padà wá lọ́la," ni akọ̀wé báńkì wí. "Ṣùgbọ́n ó ní báàgì kan péré lòun rí. Ẹni tó ń gbé ibì kan, ẹrù rẹ̀ á wà níbẹ̀."

Ilé Dírẹ́bà ni Màmá gbà lọ tààrà, ó ní kí Àǹtí má tẹ̀ lé òun. Ó bá ọkùnrin náà tó ń fi okùn di páálí. Màmá wo pálọ̀ náà: àwọn àga mẹ́rin tí aṣọ funfun bò, ilẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ títí dé abẹ́ wọn, ẹní tó fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ò jókòó sórí àga yìí rí?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà ká Màmá lápá kò. Òun tó ní wọ́n fẹ́ wá gbé ọmọ òun, ẹni tí kò tíì jókòó sórí àga ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èmi ni mo parọ́ fún báńkì," ló wí. "Ọmọ mi ò mọ̀. Ẹ̀sùn tó fi kàn ẹ́, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Dírẹ́bà dọ̀bálẹ̀ kíá. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn lẹ́nu yín."

"Báńkì fẹ́ rí ẹrù rẹ̀ nílé mi lọ́la."

"Ẹ jẹ́ ká kó o nìyẹn." Ó dìde, ó gbé àga àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Màmá rí ojú rẹ̀ bí pálọ̀ náà ṣe ń ṣófo. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ojú yẹn fún un. Irú rẹ̀ lòun náà gbé kiri lọ́dún tí ọkọ òun kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti kó àwọn àga tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ tapólì, kí àyè lè wà. Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bá fíríìjì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá Dírẹ́bà lẹ́yìn fíríìjì.

"Mo fẹ̀sùn kàn ẹ́ láìtọ́," ló wí. "Má bínú sí mi."

"Mo ti bínú. Ó ti tán."

"Ṣé o ṣì ń gbàdúrà yẹn?"

"Mo ti yí i padà. Mo ní kí wọ́n tètè fún ẹ, kí n lè mọ ibi tí màá ti máa wá ẹ ní Sátidé."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, bó ṣe dọ̀tí tó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin oníbáàgì fi wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, owó náà máa jáde, ẹni tó ń ta ilé á sì gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì mọ̀. Màmá nìkan ló dúró ṣinṣin, bí ẹni tó fẹ́ kàwé níwájú kíláàsì.

"Ibí ni ọmọ mi ń gbé," ló wí kí wọ́n tó bi í. "Gbogbo ẹrù rẹ̀ nìyí. Kò lọ́kọ kankan ní òkè òkun, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ẹ lọ́jọ́sí. Tí ilé rẹ̀ bá jáde, ó máa lọ, mo sì fẹ́ kó lọ."

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó yí ojú sí Dírẹ́bà. "Ọ̀gbẹ́ni yìí ńkọ́?"

"Dírẹ́bà tó kó ẹrù ni mí," ni Dírẹ́bà dáhùn.

"Àna mi ni," ni Màmá wí. "Òun ló máa fẹ́ ọmọ mi. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ọkùnrin oníbáàgì yẹ ìwé rẹ̀ wò lókè àti nísàlẹ̀. "Mà, wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn."

"Wá àyè fún un," ni Màmá wí. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a ni."